Alàájì Ràímì Tó Fi Ẹyin Sáàwẹ̀

Gbogbo Ayọ̀bọ̀ ló mọ̀ ọ́n, ẹ má jiyàn: Alàájì Ràímì fi ẹyin sáàwẹ̀! Láti sààrì títí di ìṣínu, kò gbọdọ̀ sí ẹ̀kán omi nínú ẹ̀rọ tó fi ń pa ẹyin. Bí wọ́n bá ti pe ìrun mọ̀ǹgàríbì, á da omi díẹ̀ sínú abọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ, á ní, "Bísímílà, ẹ ṣínu, ẹ̀yin ọmọ mi!"

Lèmọ́mù ní, "Alàájì, arìnrìn-àjò kì í gbààwẹ̀ nípá. Ṣebí láti Jọ́ọ̀sì ni mọ́tò ti gbé àwọn ẹyin yìí wá?"

"Wọ́n ti dé, Lèmọ́mù! Ará Ayọ̀bọ̀ ni wọ́n báyìí!"

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, fíríìjì ló ń tún ṣe, agídí rẹ̀ ò lẹ́gbẹ́. Ó gba fíríìjì tí Sàúdátù ìyàwó rẹ̀ fi ń ta omi tútù, ó so gílóòbù sí i nínú kí ó lè máa móoru, ó sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń pa ẹyin, ó ní kí wọ́n fi ẹyin tòlótòló ránṣẹ́ láti Jọ́ọ̀sì. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ìgbà tó bá ṣe alùwàlá ló ń fi búútà bomi sí i. Ẹ̀rọ ń làágùn, ẹyin ń làágùn. Nígbà tí wọ́n fọ́ ẹyin, àwọn ọmọ ti mumi kú sínú èèpo. Alàájì sunkún, wàláì.

Sàúdátù fárígá. "Bàbá Zulaihat, ẹ fún mi ní fíríìjì mi jàre!"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i. Bí wọn ò bá pa, gbé e lọ. Ẹyin tí mọ́tò ti gbọ̀n jìgìjìgì, afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́, kì í ṣe omi. Mo ti gbọ́n!"

Bí ààwẹ̀ ṣe wọlé nìyẹn. Nígbà tó ń parí lọ, Sàúdátù wá wo fíríìjì rẹ̀. Ó fetí sí i, ó ń gbọ́ kó, kó, kó! "Alàájì! Wọ́n ń kanlẹ̀kùn o! Èèpo ti sán!"

"Omi! Ìsinsìnyí ni wọ́n nílò omi, kí awọ inú ẹyin má gbẹ mọ́ wọn lára!"

Sàúdátù fúnra rẹ̀ ló sáré rẹ táwẹ́ẹ̀lì sómi, ó gbé e wọlé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọmọ tòlótòló ti ń ké fíin-fíin, tọkọtaya ń jó nínú pálọ̀. Ṣé ó wá dá fíríìjì padà? Rárá o! Bí Sàúdátù bá bèèrè láràárọ̀, á ní, "Ẹyin mìíràn ti wà lọ́nà."

Lọ́dún tó kọjá ni Alàájì kú. Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Lẹ́yìn àdúà, Rasaq àbúrò rẹ̀ ní òun á tú gílóòbù kúrò, kí fíríìjì lè padà di ti Sàúdátù. Sàúdátù rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún.

"Rasaq, fi í sílẹ̀. Ta ni n ó wá máa bá jà lé e lórí?"