Ìjókòó Ẹ̀yìn Mọ́tò Pupa Bàbá Mi

Lánàá, ọmọkùnrin kan wa mọ́tò kọjá lójúde mi n'Ísẹ́yìn, ariwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di mí létí. Wọ́n ní ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ gé sàlẹ́ńsà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ilé ìwé lọ́wọ́ mi lẹ fi ń ṣe fáàrí.

Aṣọ òfì ni bàbá mi ń tà. Nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, wọ́n ra àlòkù mọ́tò pupa kan, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí òyìnbó fi ń sáré ìje. Ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè yọjú wo inú rẹ̀. Àwọn àti ìyá mi ń jókòó níwájú, èmi àti ìdì òfì jọ ń há mọ́ ẹ̀yìn. Kí eruku ọyẹ́ má baà ba ọjà jẹ́, bàbá mi kì í jẹ́ ká yí gíláàsì sílẹ̀.

Tá a bá ń kó òfì lọ tà, ká tó dé Ìlérò, orí á ti máa fọ́ mi, òòyì á kọ́ mi, n óò sì bì. Ìyá mi ní kí n máa gbóòórùn èèpo ọsàn, pàbó ló já sí. Lọ́jọ́ kan, gbígbé ni wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀, mi ò mọ ẹni tó ń pè mí. Bàbá mi ní ọmọ tí ara rẹ̀ kọ mọ́tò ò lè lọ sí girama ní Ṣakí, kí n jókòó ti ìyá àgbà, ìyá wọn, kí n máa ranwú. Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ilé ìwé yẹn wù mí ju oúnjẹ lọ.

Mọ́tò náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo; ariwo yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ pe Mùdá mẹkáníìkì, kì í ṣe torí mi. Mùdá béèrè ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ń ṣe mí, ó tọrọ òwú díẹ̀ nínú agbọ̀n ìyá àgbà, ó so ó mọ́ igi. Ó ní kí bàbá mi sítáàtì mọ́tò, ó fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà kí èéfín lè wá ibòmíràn gbà jáde, ó wọ abẹ́ lọ, ó sì ń fi òwú náà tọ páìpù díẹ̀díẹ̀. Òwú ò mira, àfi ìgbà tó dé abẹ́ ìjókòó mi, tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Páìpù ti là níbẹ̀. Mùdá jáde, ó ká rọ́bà ilẹ̀ mọ́tò sókè. Ìpẹtà ti jẹ irin lu níbi tí mo máa ń gbẹ́sẹ̀ lé.

"Àlàájì," ó ní, "èéfín lẹ ń fún ọmọ yín mu. Gíláàsì tẹ́ ẹ̀ ń tì ló ń sé e mọ́ ọn."

Bàbá mi ní kó gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Nígbà tí wẹ́dà jó páìpù pọ̀, tó sì dí ihò náà, wọ́n fún Mùdá ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn fúnra wọn ká ara wọn mọ́ àyè mi lẹ́yìn, orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n. Wọ́n ní kí Mùdá ti gíláàsì. Ó wà wọ́n dé Ìlérò, ó wà wọ́n padà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó lè nàró.

"Orí ò fọ́ mi," ni wọ́n sọ fún mi. "Lọ palẹ̀ ẹrù Ṣakí mọ́."

Kò sẹ́ni tó ń ranwú lágboolé wa mọ́, òwú ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń hun òfì. Ṣùgbọ́n mọ́tò yòówù tí àwọn ọmọ mi bá rà, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò fìgbà kan sọ pé àwọn ṣẹ̀ mí. Àmọ́ láti ọjọ́ náà títí wọ́n fi ta mọ́tò yẹn, gíláàsì rẹ̀ máa ń wà nílẹ̀ ni, òfì wọn ń jẹ eruku.