Táìsì Tí Ọkọ Mi Rà bí Ẹni Ra Aṣọ

Ọkọ mi kò mọ nǹkan mìíràn láyé yìí ju aṣọ lọ. Télọ̀ ni. Agémáṣì ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń pè é, nítorí pé bí ó bá ti ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ, kì í ṣì í gé. Èmi tí mo ń bá a gbé inú ilé mọ̀ pé orúkọ náà kò kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá fẹ́ ra ilẹ̀kùn, yóò fọwọ́ pa á lára, yóò sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá wọ́n rán an dáadáa. Nígbà tí ọmọ wa obìnrin mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí wa, ọkọ mi kò wo ojú ọmọkùnrin náà rárá. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bi í pé kí ló rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Ó ní, "Ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tó rán ṣòkòtò yẹn kò bẹ̀rù Ọlọ́run."

Irú ẹni tó lọ yan ohun tí a ó fi tẹ́ ilẹ̀ ilé wa nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló fà á. Màmá ni ìyá tó bí ọkọ mi. Wọ́n ti ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá ti kú, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kò dúró dáadáa mọ́, wọ́n sì ti gbà láti wá gbé lọ́dọ̀ ọmọ. Lọ́dọ̀ ọmọ wo? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọmọ méjì péré ni Màmá bí: ọkọ mi, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Màmá ní ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni àwọn yóò kọ́kọ́ dé. Bí ibẹ̀ bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n dúró nìyẹn. Bí kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, Ẹ̀gbọ́n yóò wá gbé wọn lọ, kò sì sí ẹjọ́ mọ́.

Ọkọ mi fẹ́ kí ìyá òun gbé ọ̀dọ̀ òun. Ó fẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè sọ ọ́ láìwo ibòmíràn. Èmi náà fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, bí èmi àti ọmọ wọn bá ń jà, ẹ̀yìn mi ni Màmá máa ń wà, irú ìyá ọkọ bẹ́ẹ̀ kò sì wọ́pọ̀.

Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì àtijọ́ ni ilẹ̀ ilé wa. Ó ti sán káàkiri, ọ̀pá tí Màmá fi ń rìn sì lè há sí ojú ibi tó sán. Ẹ̀gbọ́n wá wò ó. Wọ́n fi ẹnu bàtà tọ́ ibẹ̀, wọ́n ní, "Àbúrò, tún ilẹ̀ yìí ṣe o. Bí ìyá mi bá ṣubú nílé yìí, èmi àtìẹ ni."

Ọkọ mi ní kí ẹ̀gbọ́n òun fọkàn balẹ̀, pé táìsì ni òun yóò lẹ̀ ẹ́, láti pálọ̀ dé yàrá Màmá, títí dé balùwẹ̀.

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù onítáìsì nìyẹn. Obìnrin kan ló ń tà á, onísùúrù ẹ̀dá, ó sì jọ pé torí ọjọ́ yẹn ni Ọlọ́run ṣe fún un ní sùúrù náà. Ó to táìsì sára ògiri, ó tún tẹ́ òmíràn sílẹ̀ kí àwọn èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ wò. Ọkọ mi kò wo èyí tó wà nílẹ̀. Ó mú ọ̀kan lára ògiri, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ra á bí ẹni tó ń wá òwú inú rẹ̀. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, níwájú gbogbo èèyàn, ó gbé e lé mi láyà, ó fà sẹ́yìn, ó sì di ojú kan.

"Ó bá àwọ̀ rẹ mu," ó wí.

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ni?"

Ó yíjú sí ìyá onítáìsì. "Ṣé àwọ̀ èyí kì í ṣí?"

"Ọ̀gá, táìsì kì í ṣí."

"Bí a bá fọ̀ ọ́ ńkọ́? Ṣé kì í súnkì?"

Obìnrin náà wò mí. Mo wo òkè àjà. Ó rọra ṣàlàyé fún un pé amọ̀ tí wọ́n fi iná sun ni, pé kò ní ibi tó máa súnkì lọ. Ó wá bi wá pé irú èèyàn wo ló ń gbé ilé náà. Mo ní àgbàlagbà kan tó ń fi ọ̀pá rìn ń bọ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló fa ọ̀kan yọ, àwọ̀ eérú ni, ojú rẹ̀ kò sì jọ̀lọ̀.

"Ẹ mú èyí," ó wí. "Bí omi tilẹ̀ dà sí i, kì í yọ̀."

Ọkọ mi fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó fa ọwọ́ padà bí ẹni tí ẹ̀gún gún. "Àpò rèé," ó wí. "Mi ò lè fi àpò wọ ìyá mi."

Èyí tó mú, ó funfun bíi wàrà, iṣan aláwọ̀ wúrà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ihò imú ara mi nínú rẹ̀. Mi ò ní purọ́, ó rẹwà. Mo ṣáà ní kí ó gbé e sílẹ̀, kí ó bọ́ bàtà, kí ó tẹ̀ ẹ́ wò. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Ta ló ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kó tó rà á?"

"Bàbá ọmọ mi, ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Èyí tí ẹ gbé sókè yìí kì í ṣe orí o, ilẹ̀ ni."

Etí ikún ló kọ sí mi. Ilẹ̀ funfun la rà.

Bíríkìlà tó wá lẹ̀ ẹ́ kò rí irú wa rí. Ọkọ mi fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ ya gbogbo ilẹ̀, ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó ní iṣan inú táìsì kan gbọ́dọ̀ bá ti èkejì pàdé, bí òdòdó ara aṣọ ṣe máa ń pàdé níbi tí a bá ti rán an. Bíríkìlà ní táìsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ní tòun yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún, wọ́n gé e, wọ́n tún un gé. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, ọkọ mi béèrè pé mélòó ni wọ́n máa ṣẹ́ sínú.

"Kí la máa ṣẹ́ sínú?"

"Ìṣẹ́tí ńkọ́? Àbí bí wàá ṣe fi etí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu nìyẹn?"

Bíríkìlà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó jáde síta. Mo gbé omi tútù lọ bá a. Ó mu ún tán kó tó lè sọ̀rọ̀. "Màámi," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ bàbá yìí kí wọ́n lọ máa ránṣọ."

Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn aládùúgbò wá wòran. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pariwo, ọkọ mi sì ń fẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, mo fi mọ́ọ̀pù nu ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ayọ̀ wa parí sí.

Èmi ni mo kọ́kọ́ lulẹ̀. Ìdí ni mo fi gúnlẹ̀, mo sì pe Olúwa mi. Ọmọ wa obìnrin ló tẹ̀ lé mi: ó fi ẹsẹ̀ wọlé, ó fi àyà dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkọ mi ní a ò mọ̀ ọ́n rìn ni. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ẹ̀wù ìgbéyàwó oníbàárà kan wọlé. Ó yọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó ń lọ, ojú rẹ̀ kò yí padà, àfi ìgbà tó fi ẹ̀yìn balẹ̀ lẹ́bàá àga. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Ẹ̀wù kò kan ilẹ̀.

"Tuntun ló ṣì jẹ́," ó wí láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí. "Aṣọ tuntun náà máa ń ṣagídí. Bí a bá ń fọ̀ ọ́ léraléra, á rọ̀."

A fọ̀ ọ́. Ọṣẹ la fi fọ̀ ọ́. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, gbogbo wa wá ń di ògiri mú rìn nínú ilé tí a ti ń gbé látọjọ́ pípẹ́.

Bí Màmá ṣe bá wa nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ló fi ọkọ̀ gbé wọn wá. Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n rí ojú ara wọn nínú rẹ̀. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n na ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan síwájú, wọ́n fi kan ilẹ̀, wọ́n sì fà á padà.

"Ilé rẹ dára, bàbá mi," Màmá wí. "Ó dára gan-an. Ibo lèèyàn ń gbà?"

Ọkọ mi sáré wá, bí èèyàn ṣe lè sáré lórí nǹkan yẹn. Ó na ọwọ́. "Ẹ di mí mú, Màmá."

"Bí mo bá di ọ́ mú, ta ló máa di ìwọ mú?"

Ó ní kí wọ́n ṣáà gbìyànjú. Màmá mirí. "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi ò fẹ́ wo ibì kankan, bàbá mi. Ìjókòó ni mo fẹ́." Wọ́n sì jókòó sí fàráńdà.

Ẹ̀gbọ́n kò jókòó ní tiwọn. Wọ́n ní ó dára bí àwọn kò ṣe tíì já ẹrù Màmá sílẹ̀. Ọkọ mi sáré tẹ́ rọ́ọ̀gì láti ẹnu ọ̀nà. Rọ́ọ̀gì gbé e lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n. Ó tún jáde wá, ó ní òun yóò rán bàtà kan fún Màmá, tí abẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ rọ́bà. Màmá bi í pé ṣé kí àwọn máa wọ bàtà sùn ni.

Nígbà náà ló jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin yìí nínú ìbínú, mo ti rí i nínú àìsàn, ṣùgbọ́n mi ò rí irú ojú yẹn lára rẹ̀ rí. Ohun tó dára jù lọ tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló tẹ́ sílẹ̀ de ìyá rẹ̀, ohun náà gan-an ló sì ń lé ìyá rẹ̀ lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i, méjèèjì pa pọ̀.

"Màmá," mo wí, "ẹsẹ̀ ta ló fẹ́ tẹ ilẹ̀ ilé yìí?"

"Ẹsẹ̀ mi náà ni."

"Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín lọ yàn án fúnra rẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

Bí ìyá onítáìsì ṣe rí ọkọ mi, ó ṣe bí ẹni tó rántí nǹkan kan nínú yàrá ẹ̀yìn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró. Màmá kò wo ara ògiri rárá. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní kí obìnrin náà bu omi wá, kó dà á sórí àwọn táìsì tó wà nílẹ̀. Wọ́n di èmi mú ní ọwọ́ kan, wọ́n di ọ̀pá mú ní ọwọ́ kejì, wọ́n ń tẹ̀ wọ́n lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú wọn sì wà lójú títì.

"Èyí ń purọ́," Màmá wí, wọ́n bọ́ sí òmíràn. "Èyí ń gún mi." Wọ́n tún kúrò. "Èyí dà bí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí mi, tó sì fẹ́ tì mí."

Ọkọ mi kò lè mú un mọ́ra. Ó mú táìsì kan, ó fẹ́ gbé e sí ìmọ́lẹ̀.

"Sọ̀ ọ́ kalẹ̀," Màmá wí láìbojú wẹ̀yìn. Ohùn tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ni. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Màmá tẹ òmíràn, wọ́n sì dúró. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé èkejì. Wọ́n fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Èyí di mí mú," Màmá wí. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilẹ̀. "Ẹ wò ó, ó tún lẹ́wà. Àwọ̀ àdàbà ni."

Àpò tí ọkọ mi kọ̀ ni.

Bíríkìlà padà wá. Ó ní yàrá Màmá àti balùwẹ̀ ni kí a pààrọ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n pé kò sí ìdí tí a ó fi fọ́ pálọ̀ tán. Kí òun kàn la ọ̀nà gba àárín rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, kó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sí yàrá, kí òun sì fi eléérú dí i. Mo rí bí ojú ọkọ mi ṣe ṣú. Àbùlẹ̀ ni wọ́n ní kó gbà yẹn, àbùlẹ̀ eléérú lára funfun tuntun, ní àárín pálọ̀ tí àwọn oníbàárà pàtàkì ti ń jókòó. Ọkọ mi sì nìyí, tó ti lé oníbàárà jáde rí nítorí pé ó ní kó bá òun lẹ àbùlẹ̀ mọ́ orúnkún ṣòkòtò. Ó di ògiri mú, ó rìn yí pálọ̀ ká, ó ń wo àwọn ibi tí iṣan ti pàdé. Lẹ́yìn náà ó bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó gbé e fún bíríkìlà.

"Gé e," ó wí, ó sì jáde lọ.

Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ náà, inú ṣọ́ọ̀bù la gbé bẹ́ẹ̀dì Màmá sí, láàárín ẹ̀rọ ìránṣọ àti tábìlì ìgéṣọ. Ẹ̀gbọ́n ń pè lójoojúmọ́ láti béèrè bóyá kí àwọn máa bọ̀. Màmá ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ní sùúrù, ẹsẹ̀ àwọn kò tíì dájọ́.

Nígbà tí ó parí, kò sí aládùúgbò tó wá wòran. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan wá wọn ẹ̀wù, obìnrin kan tí ọkọ mi bẹ̀rù jù nínú gbogbo wọn, nítorí ohunkóhun tó bá rí láàárọ̀, gbogbo àdúgbò á ti gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó dúró ní pálọ̀, ó wo ilẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Agémáṣì! Irú ilẹ̀ tó rẹwà báyìí! Ta ló lẹ eléérú mọ́ ọn, tó bà á jẹ́ fún yín?"

Èmi tí mo wà nítòsí, ńṣe ni mo dúró kí ilẹ̀ lanu kó gbé ọkọ mi mì. Ó gbé ojú sókè. Màmá ń bọ̀ láti balùwẹ̀, omi ṣì ń kán lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n há ọ̀pá sí abíyá bí ẹni tó há ìwé ìròyìn, wọ́n ń ti orí àwọ̀ eérú bọ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípa ọṣẹ tó ti tán, wọn kò wo ilẹ̀ rárá.

"Kò sẹ́ni tó bà á jẹ́," ọkọ mi wí. "Ọ̀nà ìyá mi nìyẹn."

Ó ní kí obìnrin náà gbé apá sókè, ó sì ń wọ̀n ọ́n lọ.