Ọwọ́ Tí Mo Nà fún Ẹgbẹ́ Tó Ń Fìdí Rẹmi

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá mi jà, kí ó kàn sọ fún mi pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ wa mọ ohun tí ó ń ṣe. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn máa ń mú mi gbàgbé gbogbo ìyẹn. Ìlú òyìnbó ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà wà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ọ̀hún kò mọ̀ pé ibì kan wà tí ń jẹ́ Ayédé-Èkìtì, síbẹ̀ kò sí Sátidé kan tí kì í ba ọkàn mi jẹ́.

Tirẹ̀ ì bá tilẹ̀ sàn díẹ̀ bí kì í bá ṣe ti ọmọ tí ó fi sí àárín pápá. Ọ̀dọ̀ ọmọ yìí ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò gbá a sáwọ̀n. Òun ni ó yẹ kí ó gbójú sókè, kí ó rí ẹni tí ó dá wà níwájú, kí ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí i. Rárá o. Ẹ̀yìn ni tirẹ̀. Ọ̀nà ìbáà ṣí gbayawu títí dé ẹnu góòlù, yóò yíjú padà, yóò gbá a fún aṣọ́lé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò sì pàtẹ́wọ́ fún un! Màá dìde lórí bẹ́ǹṣì nílé ìwòran, màá máa pariwo, "Iwájú! Ta ló ń lé ọ? Iwájú!" Bí mo bá délé, màá tún ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ mi, bí ó ti jókòó tí ó ń bó ẹ̀gúsí. Kì í gbójú kúrò lára ẹ̀gúsí rẹ̀. Mo rò pé kì í tẹ́tí sí mi ni.

Ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tí mo ń lọ kò jìnnà sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń gbé èrò lọ sí Òyè. Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ńlá kan ṣoṣo ló wà níwájú, nítorí náà òfin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa mọ̀. Bí ìdíje méjì bá bọ́ sí àkókò kan náà, onílé yóò ní kí a nàwọ́, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù ni yóò fi hàn. Nígbà tí nǹkan dára fún wa, àwa la máa ń borí. Bí a ti wá ń fìdí rẹmi, ni àwọn èèyàn wa ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kápẹ́ńtà kan wà tí ó máa ń jókòó tì mí, tí ó kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní àwọ̀ ewé torí jẹ́sì ẹgbẹ́ wa. Lọ́jọ́ kan mo ń kọjá lọ, mo rí i tí ó ń fi ọ̀dà funfun bo ilẹ̀kùn náà.

Mo ní, "Òkú ò tíì tutù, ẹ ti ń pín ẹrù rẹ̀?"

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ nínú ìdílé wa."

Ni ọjọ́ ìparí líìgì bá dé. Bí a bá pàdánù lọ́jọ́ yẹn, a ó já sí líìgì kejì, ó parí. Ṣùgbọ́n wákàtí kan náà ni wọ́n ń gbá gbogbo ìdíje ọjọ́ ìparí, èyí tí yóò sì sọ ẹni tí yóò gba ife ẹ̀yẹ ni gbogbo ayé fẹ́ wò. Onílé ti kìlọ̀ fún mi ṣáájú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, ẹ̀yin nìkan lẹ kù." Mo ní òfin rẹ̀ kọ́ ni pé kí a nàwọ́? A ó nàwọ́.

Mo lọ sílé, mo ní kí ìyá mi dìde kí ó múra. Ó bi mí pé níbo. Mo ní kí ó wá bá mi nàwọ́. Ó wé gèlè, a sì jọ jáde.

Ilé kún fọ́fọ́. Nígbà tí onílé bèèrè àwọn tó fẹ́ wo ti ife ẹ̀yẹ, ọwọ́ lọ súà. Ó wá bèèrè ti ẹgbẹ́ Tíṣà. Mo na tèmi, ìyá mi na tirẹ̀. Ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan bá fò sókè níwájú.

"Ojóro ni! Màmá ò mọ bọ́ọ̀lù! Ẹ bi wọ́n léèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n ń ṣe!"

Onílé tẹrí ba fún ìyá mi. "Màmá, ẹ má bínú, ẹgbẹ́ wo lẹ fẹ́ wò?"

Ìyá mi kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ẹgbẹ́ tí ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù sẹ́yìn, tí ọ̀gá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣé mi ò ń gbọ́ ọ lẹ́nu Tíṣà yín nínú ulé ni? Kì í jẹ́ n sùn. Mi ò fẹ́ràn ọmọ ọ̀ún rárá. Àmọ́ ṣé torí pé ọmọ kan ya ojo la ó ṣe kó kúrò nínú ulé fún un?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Onílé ní ọwọ́ Màmá wọlé. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí kápẹ́ńtà. Ọwọ́ tí ó yẹ kí ó nà ni ó fi ń họ orí.

Ọwọ́ méjì péré ni wá. Wọ́n tan ti ife ẹ̀yẹ. Wọ́n rò pé a ó lọ sílé ni, wọ́n kò mọ̀ mí. Mo gbé bẹ́ǹṣì wa sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo yí i padà, èmi àti ìyá mi kọ̀yìn sí ẹ̀rọ náà, a dojú kọ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ní kí ni a ń wò. Mo ní òun ni mò ń wò, kí ó fi fóònù rẹ̀ bá mi wo èsì ìdíje wa, níwọ̀n ìgbà tí ó ti mọ òfin tó bẹ́ẹ̀.

Ó ń wò ó fún mi lóòótọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí páànù, ó sì ní láti kígbe kí n tó gbọ́. "Kò tíì sí góòlù, Mà!" Nígbà tó yá, ó tẹjú mọ́ fóònù.

Mo ní, "Sọ ọ́."

"Wọ́n ti gbá a wọlé yín, Mà. Ọmọ àárín yín ló gbá a sẹ́yìn. Kò dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé, wọ́n já a gbà lọ́nà."

Ìyá mi pòṣé. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe já. Mo sunkún, n kò ní parọ́, mo sunkún níwájú àwọn tí mo kọ́ ní á-bí-dí. Ìyá mi ní, "Nu ojú rẹ. Jẹ́ kí wọ́n rí ọ bí o ti ń lọ." A rìn gba àárín wọn kọjá, a sì bọ́ sínú òjò.

Líìgì tuntun bẹ̀rẹ̀. Wọn kò lé akọ́nimọ̀ọ́gbá yẹn, wọn kò sì ta ọmọ náà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo wọ jẹ́sì mi, mo lọ jókòó. Ìdíje méjì bọ́ sí àkókò kan náà, onílé ka ọwọ́ ti èkíní, ó ka ti èkejì. Mo wá na tèmi.

Ó ní, "Tíṣà, a kì í rí líìgì kejì lórí ẹ̀rọ yìí."

"Mo mọ̀. Ẹ ka ọwọ́ mi."

"Kí n wá kà á mọ́ ta?"

"Mọ́ ẹgbẹ́ mi. Òfin ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mi ò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Onílé mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ọ̀kan." Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn mi, ó sì ní, "Méjì."

Mo yíjú padà. Kápẹ́ńtà ni, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tútù ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Mo bú u dáadáa kí n tó sún fún un lórí bẹ́ǹṣì.