Orúnkún Mẹ́ta Níwájú Àtẹ Ọsàn ní Fìdítì

Ọyẹ́ mú ní Ìlọrà láàárọ̀ Sátidé náà débi pé igi máńgòrò iwájú ilé wa kò hàn láti ẹnu ọ̀nà. Ètè mi ti là kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo fi òrí para, mo wọ súwẹ́tà tí ọkọ mi fi sílẹ̀ lọ, mo sì we gèlè bo etí méjèèjì. Èmi, Àkànní ọmọ ọmọ mi, àti Jímọ̀ oníyàwòrán ń lọ sí Fìdítì.

Iṣẹ́ ni Àkànní ń ṣe ní Kàdúnà. Ó fẹ́ràn Ṣadé, ọmọ Fìdítì, tó ń ṣe tíṣà nílùú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé sí i pé kó fẹ́ òun, Ṣadé kò fèsì. Ọjọ́ Ajé ni ìsinmi rẹ̀ parí, kò sì ní rí àyè wálé mọ́ títí ọdún yóò fi yípo. Bó bá lọ láìgbọ́ èsì, ẹlòmíràn lè gbé ọmọ lọ. Ó wá ní òun máa ṣe é ní sọ́píráìsì. Mo ní kí ni yẹn? Ó ní ohun tí èèyàn kò retí ni, tó kàn máa bá a lójijì. Mo ní nílé tiwa, òjò àti àlejò la mọ̀ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Àgbà, orúnkún kan ni màá fi kúnlẹ̀. Màá na òrùka sí i, Jímọ̀ á yà wá."

"Orúnkún kan? Ṣé èkejì ń dùn ọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é báyìí, mà."

Èmi mọ̀ pé ọkùnrin a máa dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna rẹ̀. N kò rí i rí kó kúnlẹ̀ fún ìyàwó. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni. Mo gbé àpò mi.

A bá mọ́tò kan tó ku èrò mẹ́ta, náírà kọ̀ọ̀kan. Dẹ́rẹ́bà ní, "Ìyá, ẹ wá síwájú, ẹ̀yìn tutù." Jímọ̀ gbé kámẹ́rà mọ́ àyà bí ọmọ tuntun. Dẹ́rẹ́bà wò ó.

"Ìnáwó wo lẹ ń lọ o?"

"Ọsàn la fẹ́ lọ rà," ni mo wí.

"Ẹ wá mú oníyàwòrán dání?"

"Ọsàn Fìdítì ni. Ṣé ìwọ kì í yà á ni?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Akínmọ̀ọ́rìn, lẹ́yìn náà kòtò bẹ̀rẹ̀, dẹ́rẹ́bà sì ń fi taya kan rìn nínú koríko. Iná ọkọ̀ ló ń tàn lọ nínú kùrukùru. Ní Jóbèlé, obìnrin kan gbé gàrí wọlé, ó gbé e lé Àkànní lẹ́sẹ̀. Bàtà dúdú tó ti ń nù láti àná di funfun.

A gbọ́ òórùn ọ̀pẹ òyìnbó kí a tó rí Fìdítì. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń ra ọsàn lọ́dọ̀ wa. Ní Fìdítì, òkìtì òkìtì ni: mẹ́wàá ní àádọ́ta kọ́bọ̀, wọ́n á tún fi kan ṣe èènì. Ìyá Ṣẹ́gun, tí Ṣadé ń ra ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo Sátidé, ti gbà kí Àkànní lúgọ sẹ́yìn agbọ̀n rẹ̀. Èmi fi ìborùn bojú, nítorí Ṣadé mọ̀ mí. Ó ti jẹun nílé mi nígbà Kérésì.

Ìgbà náà ni Jímọ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Ẹ má bínú o. Mo ya ìsìnkú lánàá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kù nínú fíìmù."

Àkànní sáré lúgọ. Ṣadé ti ń bọ̀.

"Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ kú ọyẹ́ o."

Bó ti bẹ̀rẹ̀ tó ń ṣa ọsàn, Àkànní yọ, ó fi orúnkún kan balẹ̀, ó na òrùka. Ṣadé figbe ta, ọsàn dànù, ó yí padà bí ẹni tó fẹ́ sá. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbàgbé pé mo ń sá pamọ́. Mo ṣí ìborùn, mo dìde.

"Ṣadé, dúró!"

"Yéè! Màmá! Ẹ káàárọ̀ mà!"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti kanlẹ̀, níwájú Àkànní gan-an. Jímọ̀ tẹ kámẹ́rà. Fíìmù tán.

"Jímọ̀, o ti bà á jẹ́!" ni Àkànní ń wí.

Ìyá Ṣẹ́gun pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbà mí o! Ta ló ń bẹ ta?"

Ṣadé kò lè dìde, nítorí n kò tíì dá kíkí rẹ̀ lóhùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Mo ṣẹ́jú sí Àkànní pé kó bi í kíákíá.

"Ṣadé, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Èmi ni Ṣadé ń wò. "Màmá, ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀wé. Bàbá mi ní ẹni tó ń fi ìwé nìkan fẹ́yàwó, ṣé kò lẹ́nì kan ni? Ìdí tí n kò ṣe fèsì nìyẹn. Ṣé ẹ̀yin lẹ bá a wá?"

"Èmi ni. Láti Ìlọrà, nínú ọyẹ́ yìí."

Ó wá kọjú sí i. "Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n dìde, o ń ba ṣòkòtò jẹ́."

Mo ní, "Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìwọ náà dìde."

Ariwo ayọ̀ sọ láti àtẹ dé àtẹ. Wọ́n kó ọ̀pẹ òyìnbó fún wa títí ọwọ́ Jímọ̀ fi kún. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti dé Ìlọrà. Mo bi ara mi léèrè ìdí tí n kò fi lọ kí àwọn ará ilé ọmọ náà látọjọ́ yìí. Mo rò pé ìwé Àkànní ti tó. Kò tó. Nítorí owó ọkọ̀ náírà kan, díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Jímọ̀ fọ fọ́tò náà kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí a ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo mú un lọ bá Bàbá Adéoyè, àgbà ilé wa. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n yí fọ́tò sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

"Ta ló ń tọrọ ta níbí?"

"Àwọn méjèèjì ni, Bàbá. Ẹ dá ọjọ́ tí a máa lọ rí àwọn òbí rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá ọjọ́. Mo padà sílé, mo gbé omi kaná. Èmi kì í fọṣọ lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣùgbọ́n Àkànní máa lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fọ ṣòkòtò rẹ̀. Orúnkún ni mo fọ kẹ́yìn.