Ohùn Tí A Tì Mọ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni, nígbà tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún tó kọjá. Èmi, Àlàájà Ṣìfáwù tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa, àti Bísí òun Sọjí tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kọ̀ǹpútà, la kọ́kọ́ dé ẹnu géètì ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, lójú ọ̀nà Akanran. Èmi akọ̀wé ẹgbẹ́ ni mo fi àgádágodo sí i. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ má rò pé owó oṣù la torí ẹ̀ jà. Ẹ̀kọ́ ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a lọ sáwọn abúlé, a gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: orin wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ìtàn agbo ilé wọn. Dísìkì méjì, àpótí pẹlẹbẹ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú nǹkan, ló gba gbogbo rẹ̀. A ṣe é bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe aṣọ òkè wọn: a wé e, a fi kánfọ̀ sí i, a tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù onírin. Ìgbà tí a ṣí i, èkíní ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, kò sọ nǹkan kan. Èkejì ṣì ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún bẹ́ẹ̀.

Inú èkejì ni ohùn ìyàwó mi wà. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí lábúlé wọn lẹ́yìn Akanran, ó sì ń rẹ́rìn-ín láàárín. Ọdún kejì lẹ́yìn tí a gbà á sílẹ̀ ló dolóògbé. N kò sọ fún ẹnì kan níbi iṣẹ́ pé ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń tọ́jú ohun inú kọ̀ǹpútà kí ó má baà ṣègbé, àyè márùn-ún ló wà. Ọ̀gá márùn-ún ni wọ́n mú. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ń fọwọ́ kan dísìkì. Ìdí tí a fi ti géètì nìyẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti pé kí Ọ̀gá Àgbà ilé ìkàwé tó dé. Ó sọ̀rọ̀ láti inú ọkọ̀.

"Àlàájà, kí lẹ ń ṣe yìí? Tí a bá ti ibẹ̀ dé, a ó kọ́ yín."

"Ọ̀gá, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí."

"Ẹ̀kọ́ yìí le. Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn."

"Ó le lóòótọ́. Ṣebí ẹ̀yin náà wà níbẹ̀ nígbà tí a ń fi kánfọ̀ sí i, tẹ́ ẹ ní ká fi kún un!"

Ẹ̀rín sọ. Ọ̀gá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Akọ̀wé, mo lè fi ìwọ rọ́pò ẹnì kan. Ìwọ nìkan o. Ṣí géètì."

Mo ti lé lógójì ọdún kí n tó jókòó kàwé gba ìwé ẹ̀rí. Mo mọ ohun tí àyè kan jẹ́. Mo mọ ohùn tó wà nínú dísìkì. Ọwọ́ mi wọ àpò, ó kan kọ́kọ́rọ́. Mo dúró pẹ́. Lẹ́yìn náà mo padà, mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Àlàájà lọ́wọ́.

Lọ́sàn-án, àwọn ọ̀gá gbà pé kí àyè méjì jẹ́ tiwa, kí àwa fúnra wa dìbò yan àwọn tí yóò lọ. Mo jáde du ọ̀kan. Kí a tó nawọ́, Bísí dìde.

"Bàbá Ṣèyí, ẹ má bínú o. Kí lẹ̀yin àti Ọ̀gá ń sọ tó pẹ́ tó yẹn?"

"Ó ní kí n wá gba àyè kan, kí n ṣí géètì."

"Ẹ wá rò ó?"

"Mo rò ó."

Àlàájà wolẹ̀. Bísí àti Sọjí ló wọlé. Ọwọ́ díẹ̀ ló nà fún mi.

N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹgbẹ́ tí kò bá bi akọ̀wé rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀, wọn yóò tà á lọ́jọ́ kan. Àwọn méjèèjì lọ, wọ́n sì padà wá kọ́ wa pé ohun inú kọ̀ǹpútà kì í pẹ́ láyé nínú àtìmọ́lé: kí a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí a tọ́jú wọn síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a sì máa yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ̀kọ́ náà pẹ́ jù fún dísìkì èkíní, ọ̀pọ̀ àgbà tó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ sì ti kú. Àwọn ọ̀gá ṣèlérí lẹ́nu géètì pé àwọn yóò ra ẹ̀rọ tí a ó fi ṣe ẹ̀dà èkejì. Kò tíì dé. Sọjí ní a kò gbọdọ̀ tan dísìkì náà kí ẹ̀rọ tó dé, torí ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù tí yóò sọ̀rọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ara mi kì í balẹ̀.

Kí àwọn méjèèjì tó lọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìdìbò náà, mo lọ bá Bísí níbi tó jókòó sí lẹ́nu géètì.

"Obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ gàrí nínú ti Akanran, Ìyá Ṣèyí ni."

Ó dìde. "Háà! Bàbá Ṣèyí, ẹ ò sì sọ lánàá!"

"Má fi í ṣáájú tàwọn ẹlòmíràn," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n má gbàgbé rẹ̀."

Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Àlàájà, mo lọ ṣí géètì.