Búlọ́ọ̀kù Méjì Tí Mo Gé Kúrò

Èmi ni mo kọ́ Mọ́ríyíkẹ́ bí wọ́n ṣe ń fa téèpù. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù, torí kò sẹ́ni tó ń rántí rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wọ ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bàtà funfun ló wọ̀ wá sóko iṣẹ́, kò sì mọ̀ pé etí téèpù irin máa ń ṣá ènìyàn lọ́wọ́ tí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ lójijì. Ó ṣá a. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni mo fi áńkáṣíìfù mi wé e lọ́wọ́.

Àwa ni ará ìlú ń pè ní táńpíláànì. Bí ẹ bá rí X pupa lára ògiri ilé kan, ọwọ́ irú wa ló kọ ọ́. Tí mo bá gé iṣẹ́ wa kúrú, kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni sẹ́tíbáàkì, ìyẹn àyè tí onílé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ láàárín ilé rẹ̀ àti títì, àti láàárín ilé rẹ̀ àti odò. Èkejì ni gíga ilẹ̀ inú ilé, kí òjò má baà sọ pálọ̀ onílé di odò ẹja. Sẹ́tíbáàkì ló máa ń fa ìjà jù. Bàbá kan ní Òkè-Àgbò bi mí léèrè pé, "Ilẹ̀ tí bàbá mi fi àdá ṣán, ẹ ní kí n fi sílẹ̀. Kí ni kó wá máa gbé ibẹ̀?" Mo ní kí afẹ́fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Ó ní kí n lọ pe afẹ́fẹ́ wá kó wá fọwọ́ síwèé.

Ọ̀nà tí mo ń gbà wọn gíga ilẹ̀ ilé rọrùn. Màá dúró sí àárín títì, màá fi ibẹ̀ ṣe ìbẹ̀rẹ̀, màá sì sọ fún bíríkìlà pé kó gbé ilẹ̀ ilé ju ojú títì lọ ní búlọ́ọ̀kù méjì. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe títí tó fi fẹ̀yìntì. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti ní Òrù, níbi tí títì ti ga. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wa dé apá ọ̀sà lọ́hùn-ún, ní Wọtasáìdì, níbi tí títì fúnra rẹ̀ ti máa ń wọ inú omi lọ nígbà òjò.

Ibẹ̀ ni Mọ́ríyíkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Tó bá dé orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́lé sí, kò ní fa téèpù. Yóò béèrè ìyá tó dàgbà jù ní àdúgbò, yóò mú un dúró sí àárín ilẹ̀ náà, yóò kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, omi tó pọ̀ jù tẹ́ ẹ rí níbí, ibo ló dé lára yín?"

Ìyá náà yóò ká ìró sókè díẹ̀díẹ̀, yóò máa ronú, yóò wá fọwọ́ lé orúnkún tàbí itan. Ìgbà náà ni Mọ́ríyíkẹ́ yóò tó fa téèpù láti ilẹ̀ dé ọwọ́ ìyá, tí yóò sì kọ gíga tó ju ibẹ̀ lọ sínú fáìlì.

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ọ́fíìsì. Mo ní, "Ṣé orúnkún ìyá arúgbó ti wá di òfin ìjọba ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi Ìjẹ̀bú dá mi lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n, omi è mọ̀wé."

Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀. Màá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú eruku lójú, onílé yóò kí mi tán, yóò wá máa wo ẹ̀yìn mi. "Obìnrin yẹn ńkọ́?" Èmi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí i! Wọ́n máa ń sọ pé òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Èmi ò ní tiẹ̀ parọ́ fún yín, ẹran àyà tèmi ti tán pátápátá nígbà yẹn. Mo ń ka iye ìgbà tí ọ̀gá wa pe orúkọ rẹ̀ nínú ìpàdé. Tí wọ́n bá gbé ẹja wá fún un láti Wọtasáìdì, tó sì pín in fún gbogbo wa, mi ò ní jẹ tèmi níbẹ̀. Màá gbé e lọ sílé kí n tó jẹ ẹ́, kó má baà rí i pé ó dùn.

Ìyá kan wà lọ́hùn-ún tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ṣadé. Opó ni, gàrí ló ń yan tà, ilé yàrá méjì ló ń kọ́ sẹ́bàá odò. Mọ́ríyíkẹ́ ti bá a jà lórí sẹ́tíbáàkì títí ìyá fi gbà láti fa ìpìlẹ̀ ilé náà sẹ́yìn kúrò létí omi. Lẹ́yìn náà ló ní kí ìyá dúró, ó wọn orúnkún rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú fáìlì pé búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ni kí ilẹ̀ ilé fi ga ju títì lọ. Kí lẹ́tà ìyọ̀ǹda tó jáde, Mọ́ríyíkẹ́ lọ sí ìsinmi ìbímọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá wa wò mí níwájú gbogbo ọ́fíìsì, títí kan obìnrin tó ń tẹ̀wé. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí Mọ́ríyíkẹ́ kọ́ yín bó ṣe ń wọn ilẹ̀ tó bá dé."

Mo ní, "Kò sí wàhálà, sà." Ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú mi, itọ́ funfun ni mo tu jáde.

Nígbà tí mo padà sórí àga mi, fáìlì Ìyá Ṣadé ló wà lókè. Mo mú bírò pupa mi, mo fa ìlà sórí mẹ́rin, mo kọ méjì. Mo sọ fún ara mi pé mò ń ran opó lọ́wọ́ ni, pé yanrìn tí wọn yóò rọ́ sínú ìpìlẹ̀ yóò dín kù fún un. Irọ́ ni. Mo kàn fẹ́ kí nǹkan kan wà tí ọwọ́ Mọ́ríyíkẹ́ ṣe tí ọwọ́ mi tún ṣe. Lẹ́tà jáde, orúkọ Mọ́ríyíkẹ́ ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, torí òun ló lọ wo ilẹ̀ náà.

Ẹ gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín tó tún dùn mí. Ìyá Ṣadé ránṣẹ́ pé kí a bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ́ríyíkẹ́ tó ṣàánú òun tó dín búlọ́ọ̀kù kù. Èmi ni mo dín in, òun ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!

Òjò ọdún kejì ló tú àṣírí. Mọ́ríyíkẹ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìyá Ṣadé wọ ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, ìró rẹ̀ tutù dé ìdí, ó ń gbọ̀n. Ó nàka sí Mọ́ríyíkẹ́.

"Ìwọ lo wọ̀n ọ́n lára mi! O kúnlẹ̀ níwájú mi o! Kí ló dé tó o wá dín in? Gbogbo gàrí mi ló wà nínú omi. Orí tábìlì ni mo sùn nínú ulé tí mo fọwọ́ ara mi kọ́!"

Ọ̀gá jáde, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó ní kí Mọ́ríyíkẹ́ retí kúẹ́rì kílẹ̀ tó ṣú, ìwé tí wọ́n fi ń ní kí òṣìṣẹ́ wá wí tẹnu rẹ̀ lórí àṣìṣe. Ẹ̀rí ọkàn mi ń jẹ mí, ṣùgbọ́n inú mi tún ń dùn. Mi ò mọ bí méjèèjì ṣe ráyè jókòó pọ̀.

Ìyá Ṣadé bá ká ìró rẹ̀ tó tutù. Ó fọwọ́ lé orúnkún. "Ibí ló dé. Ibi tí mo fi hàn ẹ́ náà ni."

Mọ́ríyíkẹ́ lọ mú fáìlì, ó ṣí i. Mo rí i tí ojú rẹ̀ dé orí ìlà pupa. Kò sí ẹlòmíì tó ń lo bírò pupa nínú ọ́fíìsì wa. Ó pa fáìlì dé, kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó kúnlẹ̀ fún ìyá.

"Ẹ má bínú sí wa, Ìyá. A máa tún un ṣe."

Mo dúró kó dárúkọ mi. Kò dá a. Mo tún dúró. Ó kàn ń fi gèlè ara rẹ̀ nu ẹsẹ̀ ìyá ni.

Àwọn ènìyàn rò pé àánú ló mú mi sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti yìn mí fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí mi ò sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Owú ni. Ó ti mọ iṣẹ́ jù mí, àwọn ènìyàn ti fẹ́ràn rẹ̀ jù mí, ó wá fẹ́ ru ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ kó tún ní ọkàn rere jù mí. Ìyẹn ti pọ̀ jù fún mi. Mo dìde.

Mo ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo gé búlọ́ọ̀kù méjì kúrò. Ìyá, Mọ́ríyíkẹ́ kọ́ o, èmi ni."

Kúẹ́rì di tèmi. Wọ́n gba ipò olórí àwọn tó ń jáde lọ wọn ilẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n fún Mọ́ríyíkẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni mo sì ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Ní gbogbo Sátidé oṣù méjì, mo lọ ń ru yanrìn sínú ilé Ìyá Ṣadé pẹ̀lú bíríkìlà, a gbé ilẹ̀ inú ilé sókè ní búlọ́ọ̀kù méjì. Ṣùgbọ́n òrùlé ti wà lórí ògiri, a ò lè gbé kọnkéré orí ilẹ̀kùn sókè mọ́. Bí ilẹ̀ ṣe ń ga ni ẹnu ọ̀nà ń kúrú.

Omi ò wọ ilé náà mọ́. Mo ṣì máa ń lọ kí ìyá nígbà òjò, Mọ́ríyíkẹ́ náà máa ń wá. Ènìyàn kúkúrú ni Mọ́ríyíkẹ́, tààrà ló máa ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá bí ọmọ onílé. Èmi ga. Lọ́dún tó kọjá, òun ti wà nínú ilé, ó ti jókòó, ó ń jẹ ẹja, èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mo tẹ orí ba díẹ̀, mo rò pé ó tó.

Ìyá Ṣadé wò mí láti inú ilé. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ ba sí i, Bàbá Ìbejì. Búlọ́ọ̀kù méjì ni."