Igi Noẹ́lì Tí Àbẹ̀kẹ́ Gé ní Aguidi

Àbẹ̀kẹ́ Òpó, ọmọ Òpómúléró, apọ́nbéporẹ́, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ọmọ Rákẹ́lì elépo, ọmọ Jeremáyà káfíńtà. Ẹ̀gbọ́n mi tó máa ń bá mi jà, àmọ́ tí kì í jẹ́ kí ará ìta fọwọ́ kàn mí. Mo ti pè ọ́ pé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọdún Noẹ́lì kan fún yín, torí bí ẹkún ṣe wà nílẹ̀ yìí náà, ẹ̀rín ló ń pa mí tí mo bá rántí rẹ̀.

Òórùn epo ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Lásìkò ọyẹ́, Ìyá wa á ti dáná sábẹ́ ìkòkò epo kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èéfín á máa fà nílẹ̀ káàkiri agbo ilé. Ètè wa á ti là. A ó fi ìka kan epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, a ó fi ra á.

Àárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ kan já àpótí kan sílẹ̀ fún wa. Tọ́ntọ́n Maríúsì, àbúrò Bàbá wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ló fi rán an. Igi Noẹ́lì ni: wáyà ni ẹ̀ka rẹ̀, ike ni ewé rẹ̀. Awakọ̀ jíṣẹ́ pé, "Tọ́ntọ́n ní kí ẹ gbé e sínú ilé àdúrà. Wọ́n ní a ti gba òmìnira, kí Sakẹ́tẹ́ má kẹ́yìn."

Bàbá wa ni alàgbà ìjọ wa, àwa aláṣọ funfun tí ìjọ wa ti Àjàṣẹ́ wá. Ohun tó bá ní kó wọ ilé àdúrà ló ń wọ̀ ọ́. Inú rẹ̀ dùn sí igi ike yẹn. Inú Àbẹ̀kẹ́ ò dùn, nítorí ó ti fọ́nnu ní lekóòlù, níwájú gbogbo ọmọ iléèwé. Filomẹ́ní, ọmọ ìjọ àwọn Fadá, ló ń yangàn pé Pobẹ̀ ni wọ́n ti ń gé tiwọn wá, igi filáò tí ewé rẹ̀ rí bí ìrù ẹṣin. Àbẹ̀kẹ́ ní, "Tiwa náà máa jẹ́ igi tó ń mí."

Filomẹ́ní ní, "Tó bá wá jẹ́ ike, ìwọ lo máa pọnmi ilé wa títí ìsinmi á fi tán."

"Tó bá jẹ́ igi gidi ńkọ́?"

"Èmi á pọn tiyín."

Ẹ sì mọ bí kànga Sakẹ́tẹ́ ṣe jìn tó.

Ìyá wa máa ń sọ pé, "Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé." Àbẹ̀kẹ́ ṣípá. Ó kúnlẹ̀ bẹ Bàbá, Bàbá ní kó mú tirẹ̀ wá kí Tọ́ntọ́n tó dé, òun á wo méjèèjì pọ̀. Pobẹ̀ jìn sí ẹsẹ̀ ọmọdé, nítorí náà Aguidi ni a lọ, sí oko àwọn ẹbí Ìyá wa. Igi kan wà nínú ọgbà tó yí ahéré ká, ó dúró ṣánṣán, ewé rẹ̀ ń dán, òdòdó elésè àlùkò sì wà lórí rẹ̀ bíi fìlà. Igi ọgbà ni lójú wa. A gé e. Àbẹ̀kẹ́ gbé ìdí rẹ̀ rù níwájú, èmi gbé orí rẹ̀ lẹ́yìn, a ń kọrin bọ̀ wálé.

Bí a ṣe wọ ọjà, ariwo dáwọ́ dúró. Obìnrin kan kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín: "Kábíyèsí o!" A ò mọ ohun tó ń sọ. Ìyá Sàláwù, ìmàle tó ń ta aṣọ, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, dìde lórí àpótí rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ta lẹ fẹ́ fi joyè nílé yín?"

"Igi Noẹ́lì ni, mà."

"Noẹ́lì kẹ̀! Akòko lẹ rù yẹn! Ewé tí wọ́n ń fi sórí olóyè!"

Ọ̀rọ̀ oyè kì í wọ inú ilé wa, àwa ò sì mọ̀. Gbogbo ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Sàláwù pa ọjà rẹ̀ tì, ó tẹ̀ lé wa délé. Kò fẹ́ kí wọ́n ròyìn rẹ̀ fún òun.

Bàbá wa bá wa lẹ́nu ọ̀nà. "Akòko! Nínú ilé àdúrà! Kí ará ààfin lè gbọ́ pé Jeremáyà fi ara rẹ̀ joyè?" Ó nawọ́ sí ààtàn. Àbẹ̀kẹ́ ń wo ààtàn. Mo mọ̀ pé okùn kànga ilé Filomẹ́ní ló ń rí.

Ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ọba ni wọ́n bí lọ́jọ́ Noẹ́lì?"

Ìyá wa yára kọjú sí ìkòkò epo, èjìká rẹ̀ ń mì. Ìyá Sàláwù ní, "Alàgbà, ẹjọ́ ti tán o!" Ni Bàbá wa bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, títí ó fi nu ojú.

Akòko ló wọ ilé àdúrà, nínú ìkòkò iyanrìn. Igi ike dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́dẹ. Nígbà tí Tọ́ntọ́n Maríúsì dé, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún, ẹ̀rù ti ń bà wá. Ó já ewé kan, ó fi lé Àbẹ̀kẹ́ lórí, ó ní, "Olóyè, ẹ kú oríire." Filomẹ́ní pọnmi wa lóòótọ́, pẹ̀lú ìfajúro. Kò pẹ́ tí Àbẹ̀kẹ́ fi ń bá a fa okùn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti di ọ̀rẹ́.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò mọ nǹkan kan, kò sì bẹ̀rù nǹkan kan, torí ẹnìkan wà tó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Arúgbó ni mí báyìí, àwọn ọmọ ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ mi. Ike ni igi Noẹ́lì ilé wọn ní Kútọnu, mi ò bá wọn jiyàn. Mo mọ ohun tó pọ̀ ju ti ọmọ yẹn lọ, àmọ́ ìgboyà tirẹ̀ ò sí lọ́wọ́ mi mọ́.

A sin Àbẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní ilé Bàbá wa, ní Sakẹ́tẹ́.